Ọ̀nà tí Iná Gbà

Òkè Oman ò ní koríko lórí,
ó pọ́n bí irin tí wọ́n gbàgbé sínú òjò.
Rayya fi òòlù là á:
inú rẹ̀ dúdú, ó fi díẹ̀ jọ àwọ̀ ewé.

Bàbá rẹ̀ àgbà, Zahran, jókòó lẹ́bàá fálájì,
ojú ìṣàn tí àwọn baba ńlá wọn gbẹ́ gba inú òkè,
ó ń ṣọ́ òjìji igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀:
bó bá kan òkúta kẹta,
omi kúrò lóko Musallam, ó di ti Shinuna.

"Kí lò ń wá nínú ohun tó le báyìí?"
"Ọ̀nà ni, Bàbá. Ọ̀nà tí iná gbà."

Ó mú ọwọ́ arúgbó, ó fi pa òkúta.
Ibí yìí rí págunpàgun bí awọ ọ̀pọ̀lọ́,
iná ò fi ibẹ̀ ṣe títì.
Ibí yìí ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́,
ìlà kan tó fẹ̀ tó ẹní, ó gòkè lọ.

Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀.
Òkúta yìí ò lanu.
Nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, lábẹ́ òkun tí kò sí mọ́,
ẹrù orí rẹ̀ ò jẹ́ kó lanu.
Ṣùgbọ́n ó ń dìde, bí èékánná ṣe ń hù,
bó ti ń dìde, ẹrù ń fúyẹ́,
ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Ẹ má rò pé ó yọ́ bí òrí.
Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó lè má tó bẹ́ẹ̀.
Ní ìgun tí ẹyọ mẹ́ta ti fèjìká kan ara wọn,
ẹ̀kán kan.
Ẹ̀kán mìíràn.
Ẹnì kankan ò fi wọ́n mọ ara wọn,
wọ́n di okùn, okùn di ìṣàn,
ìṣàn ń jẹ ohun tó bá lọ́nà,
ó jẹ èyí tó rí págunpàgun, ó fi èyí tó dán sílẹ̀,
bó ti ń jẹ ni ọ̀nà ń gbòòrò,
bí ọ̀nà ti ń gbòòrò ni òmíràn ń yà síbẹ̀.

Zahran rẹ́rìn-ín.
"Èyí lo lọ fọdún mẹ́rin kọ́ ní Máskátì?
Omi tó kọ́kọ́ kọjá ló ń pe èkejì."

Lẹ́yìn náà ló wá béèrè ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.
Omi fálájì ti fi ìka méjì rẹlẹ̀ láti èṣí.
"Iná tó o mọ ọ̀nà rẹ̀ yìí,
ṣé ó lè sọ ibi tí omi mi wà?"

Rayya wo òòlù. Ó wo ìlà tó ń dán.
Iná yẹn ti kọjá láti bí
ọdún mílíọ̀nù márùn-úndínlọ́gọ́rùn-ún.
"N ò mọ̀, Bàbá."

Òjìji kan òkúta kẹta.
Arúgbó dìde, ó fi àkísà àti òkúta dí ẹnu ọ̀nà oko Musallam,
ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ gan-an.
Nígbà tó gbẹ́sẹ̀ kúrò,
ní ìgun tí òkúta mẹ́ta ti fèjìká kan ara wọn,
ẹ̀kán kan yọjú.

Àwọn méjèèjì lóṣòó, wọ́n ń wò ó.