Màmá Pààrọ̀ Fóònù Ilé

Ìgbà ọyẹ́ ni. Ètè gbogbo wa ti là.
Gbádégẹ́ṣin gbé páálí funfun wọ ilé wa ní Arówómọ́lẹ̀,
ó nu bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì.
"Màmá, ilé-iṣẹ́ tuntun ló rán mi.
Èyí ò ní wáyà. Òjò ò lè já a, ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè jẹ ẹ́."
Màmá ní kó jókòó. Ó ní kó mu omi ná.

Fóònù àtijọ́ ń bẹ lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé,
ó dúdú, ó wúwo bí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá,
aṣọ òwú tí Màmá fọwọ́ hun ló fi bò ó lórí.
Bàbá ló gbà á, ọdún tí wọ́n fi jẹ ọ̀gá ilé-ìwé.
Òpó méje ni wọ́n rì láti ojú títì wá sí ẹ̀yìnkùlé wa,
àpò ara rẹ̀ ló ti san owó mẹ́ta.
Lọ́jọ́ Àìkú, àdúgbò á tò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀,
ẹni tó lọ́mọ ní Jọ́ọ̀sì, ẹni tó lọ́kọ ní Támálè,
wọn á máa pariwo sínú rẹ̀
bí ẹni ń pe ará oko láti òdìkejì odò.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí kò dún.
Olè ti gé wáyà lọ. Ewúrẹ́ ni wọ́n ń so mọ́ òpó tó kù.
Síbẹ̀ Màmá ń nù ún láràárọ̀.
Nígbà mìíràn á gbé e sétí,
á ní òun kàn ń wò ó bóyá ó ti jí.

Kò béèrè iye owó.
Kò wo ìwé aláràbarà tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú ọ̀fẹ́ sí.
"Nọ́ńbà wa ńkọ́? Ṣé ó ń bá wa kọjá síbẹ̀?"
Gbádégẹ́ṣin họ orí.
Ó ní ẹyọ márùn-ún ni tàtijọ́, mọ́kànlá ni tìsinsìnyí,
ẹ̀rọ ò lè gbé e mì.
"Láńtóró àbúrò mi ò mọ mọ́kànlá," Màmá ní.
"Márùn-ún ló mọ̀."

A dákẹ́.
Àǹtí Láńtóró, tó bínú kúrò nílé lórí ọ̀rọ̀ ogún,
tó ní bí òun bá fẹ́ rí wa, òun á pè.

Tuntun náà fúyẹ́ bí èèpo ẹ̀pà. Iná tíntín kan ń ṣẹ́jú lára rẹ̀.
"Ẹ dán an wò, Màmá. Ẹ pe ẹni tó wù yín."
Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ni.
Ìka rẹ̀ rìn lórí bọ́tìnì, ó tẹ márùn-ún, ó dúró.
Nọ́ńbà ilé wa ló ń pè.

Obìnrin inú ẹ̀rọ dáhùn,
ohùn rẹ̀ mọ́ bí ife tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀,
ó ní kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Màmá jẹ́ kó parí.
"Ẹ kú ilé o, ìyàwó. Èmi Àwẹ̀ró ni, tí mo ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.
Bí obìnrin kan bá béèrè wa, ó máa ń kólòlò díẹ̀,
ẹ bá mi wí fún un pé a ò kú, a kó ni.
Ẹ gba nọ́ńbà tuntun."
Ó kà á láti ara páálí, díẹ̀díẹ̀,
bí ẹni ń ka owó sọ́wọ́ ọmọdé.
Ó tún un kà.

Gbádégẹ́ṣin dojú kọ fèrèsé.
Ó ní eruku ọyẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ yìí mà pọ̀ o.

Lálẹ́, fóònù dún. Gbogbo wa sáré, mo fẹsẹ̀ gbá àga.
Ilé-iṣẹ́ ni. Wọ́n ń kí wa káàbọ̀.
"A dúpẹ́," Màmá ní.
"Ẹ tètè gbé e sílẹ̀. Ẹnìkan lè máa pè."