Mo Kàn Fẹ́ Da Ìdọ̀tí Nù Ni

Aago mẹ́sàn-án lù, ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Punta Arenas.
Oṣù Keje nìyí, oòrùn pàápàá ń ṣe ọ̀lẹ níbí.
Atẹ́gùn ń gbá páànù òrùlé, gbà-gbà-gbà,
ó ń pè mí lórúkọ: Eduvina, má wulẹ̀ jáde o.
Àgbà ni atẹ́gùn ìlú wa. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu,
mo fa kúbùsù borí.

Láti oṣù Kẹta ni Dókítà Mansilla ti wí:
"Ìyá, ẹ máa rìn. Ìdajì wákàtí lójúmọ́.
Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, orúnkún yín ń dípẹtà."
Ó kọ ọ́ sínú ìwé bí ẹni kọ oògùn.
Mo lẹ ìwé náà mọ́ ara fìríìjì,
mo ń kà á nígbàkígbà tí mo bá fẹ́ mú bọ́tà.

Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ mi ò mọ iṣẹ́.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń rán aṣọ àwọn apẹja,
tí mò ń tẹ ẹsẹ̀ máṣínnì, kẹ̀kẹ̀kẹ̀.
Bí wọ́n bá wọn gbogbo ìrìn tí mo rìn lórí ìjókòó,
mo ti dé Santiago, mo ti bọ̀,
n kò sì kúrò lójú fèrèsé.

Mo wá bá Ọ̀la dọ́rẹ̀ẹ́.
Ọ̀la kì í bínú. Bí mo bá ní ó di ọwọ́ ẹ̀,
á ní kò burú.
Kò kanlẹ̀kùn rí pé Eduvina dà.
Ọ̀rẹ́ tó dùn ún ní ni. Irú wọn ló ń sin òkú ẹni.

Bàtà tí Yasna ọmọ mi fi ránṣẹ́ láti Valdivia
wà lábẹ́ àga, ó pupa bí ata,
bébà ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ní kó má sọ̀rọ̀.

Lónìí, ara tún ní òun ò lọ.
Mo ní, ta ló ní a ń lọ síbì kan?
Mo kàn fẹ́ da ìdọ̀tí nù ni.
Orí ẹja àná ti ń rùn.
Ara ní, ó dáa, bó bá jẹ́ ìdọ̀tí nìkan.
Yìnyín wà nílẹ̀, sálúbàtà á yọ̀,
mo yọ bébà, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà Yasna.
Ara ní, kí lèyí?
Mo ní, nítorí yìnyín ni.
Bí a ti ń tan ọmọdé wọ balùwẹ̀
ni mo ṣe ń tan ara mi, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta.

Ní igun òpópónà, níbi okùn tí wọ́n so mọ́ òpó
fún ọjọ́ tí atẹ́gùn bá fẹ́ gbé èèyàn,
mo pàdé Nicanor Barría, tó ń rẹ́ irun àgùntàn tẹ́lẹ̀,
ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ó di okùn mú,
ó ń gun òkè bọ̀, omi ń dà lójú ẹ̀ tààrà.
Mo ní, "Bàbá, ẹ mà fẹ́ràn ìrìn yìí o."
Ó dúró, ó mí.
"Èmi? Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mi ò fẹ́ràn ẹ̀.
Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo fi ìfẹ́ sí, ó ń sùn.
Bí mo bá padà délé, á ti jí."
Ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí mi nínú, mò ń rò ó lọ.
Atẹ́gùn tó ní kí n má jáde,
òun náà ló ń tì mí lẹ́yìn,
aláìnítìjú.

Ìgbà tí mo gbójú sókè, òkun ni mo rí.
Àwọn ẹyẹ dúdú tò sórí afárá àtijọ́,
ilẹ̀ sì ń mọ́ lẹ́yìn wọn, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣẹ́ pókó.
Orúnkún mi ń kùn. Àyà mi ń lù kìkì.
N kò lè parọ́ pé ó dùn mọ́ mi.
Ajá kan kàn tẹjú mọ́ mi lọ́wọ́,
èmi náà wò ó: láìlà ìdọ̀tí ṣì nìyí,
òun àti orí ẹja méjèèjì.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé mi.
Ó di dandan kí n rìn ín padà, kí n kọjú sí atẹ́gùn.

Ọkọ̀ akólẹ̀ kì í wá lọ́la.
Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ara mi gbọ́.