Ibi Tí Oòrùn Kò Dé

Bàbá mi kò gbé fọ́tò ara rẹ̀ kọ́ ògiri.
Ní pálọ̀ wa ní Barnawa, ní Kàdúná,
níbi tí ẹlòmíràn ń gbé kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kọ́,
férémù ńlá kan ló wà, aṣọ àrán aláwọ̀ ewé nínú rẹ̀,
báàjì fìlà ṣọ́jà mẹ́tàlélógún tò sórí àrán náà
bí ọmọ iléèwé tó ń dúró kí wọ́n pe orúkọ òun.

Ti àwọn oníbọn ńlá wà níbẹ̀, ti àwọn tó ń tẹ́ afárá,
ti àwọn tó ń fi wáyà bá ara wọn sọ̀rọ̀.
Ní igun òkè, igi ọ̀pẹ kékeré kan tó ti dúdú:
wọ́n ní orí fìlà ẹni tó re Bọ́má ló wà,
ẹni náà bọ̀ láàyè, kò sì sọ nǹkan kan
títí ó fi kú sí Rígáṣà.

Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́:
"Bàbá Mojọlá, ẹlòmíràn fẹ̀yìn tì, ó ra màlúù.
Ìwọ fẹ̀yìn tì, o ń ra irin."

Láàárọ̀ Sátidé, kí ọyẹ́ tó ká,
èmi lẹ́yìn alùpùpù rẹ̀, ó di Pantékà,
lọ́dọ̀ Màlàm Gáàdò tó ń fi òṣùwọ̀n ra idẹ:
ẹnu ẹ̀rọ omi, ọwọ́ ilẹ̀kùn, agogo kẹ̀kẹ́ tó là,
iyì ọmọ ènìyàn. Òṣùwọ̀n kò mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí èkejì.
Bàbá mi á kúnlẹ̀ sínú eruku, á máa fi ìka tú wọn
bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Bó bá rí ọ̀kan, á fi itọ́ nù ún, á dákẹ́.
Kì í ná an. Màlàm Gáàdò mọ̀ bẹ́ẹ̀,
ó sì máa ń bu owó lé e díẹ̀.

Nílé, Bíràsò àti àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì,
òórùn tó ń ta ni nímú,
idẹ tó ń jí díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò.
"Má fọ̀ ọ́ jù. Bí o bá fọ̀ ọ́ jù, ojú ẹyẹ á parẹ́."

Ọdún tí mo wọ fọ́ọ̀mù kẹta ni Kàndè ará Kàgóró
wá san owó àjọ fún ìyá mi.
Ó ń kà á lọ́wọ́, ó gbójú sókè, owó dà sílẹ̀.
Ìlà kẹta: ẹyẹ idì tí apá rẹ̀ kan ti kán.
Hausa ló fi sọ ọ́, jẹ́jẹ́, kò sunkún:
"Ọjọ́ tí mo bí àkọ́bí wa, a kò rí ọ̀bẹ,
báàjì yẹn ni bàbá rẹ̀ fi ṣí agolo mílíìkì.
Ó lọ sí Làìbéríà. Fìlà dé, àpò dé.
Lọ́dún tí ebi mú wa, mo tà á ní kílò,
òun pẹ̀lú ìkòkò méjì."

Bàbá mi kò fèsì. Ó wá sukurudíráfà.
Ó gbé férémù lé orí tábìlì, ó tú ìṣó mẹ́rin,
ó gbé dígí kúrò bí ẹni ń ká aṣọ lára ọmọ tó sùn.
Ó yọ ẹyẹ náà, ó fi lé e lọ́wọ́.
Obìnrin náà ní òun á sanwó.
Bàbá mi kó ẹsẹ̀ pọ̀, nínú síńgílẹ́ẹ̀tì àti ìró ìyá mi,
ó ṣe sàlúùtù fún un.

Ìgbà tó lọ tán la tó rí i:
oòrùn ojú fèrèsé ti mú àrán náà ṣá,
ó ti rí bí koríko Dìsẹ́ḿbà,
àfi ibi tí idì náà bò.
Ibẹ̀ ṣì tutù bí ewé ìgbà òjò,
ẹyẹ aláwọ̀ ewé kan, apá kan kán,
ihò abẹ́rẹ́ méjì láyà rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, Màlàm Gáàdò fi idì mìíràn ránṣẹ́, apá pé.
Bàbá mi nù ún, ó sọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ni férémù náà wà báyìí, ní Gwarimpa.
Àlejò a máa bi mí èyí tó ṣọ̀wọ́n jù níbẹ̀.
Ọ̀pẹ ni wọ́n máa ń rò.
Mo ti fi ìṣó kàn án mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ inú lọ́hùn-ún,
níbi tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tan iná
kó tó lè rí nǹkan.