Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn, Lápá Òsì

Ọkọ̀ dúdú kì í bá ni bo àṣírí.
Funfun a máa gba eruku lálejò,
aláwọ̀ eérú a dọ̀bálẹ̀ fún un,
ṣùgbọ́n dúdú, fi ìka kan án lásán,
yóò lọ sọ ọ́ fún oòrùn.

Èmi Múdàṣírù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá Mọ́lété,
ọdún kẹtàlá rèé tí mo ti ń gbọ́ ẹjọ́ wọn:
ẹjọ́ fóòmù tó já bọ́ sílẹ̀ tí a tún ṣà,
tó fa ìlà yípo-yípo bí ilé aláǹtakùn;
ẹjọ́ ìgbẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà, tó jẹ wọ inú ọ̀dà kí onílé tó jí;
ẹjọ́ ẹni tó fi ọṣẹ ìfọṣọ wẹ mọ́tò lọ́sàn-án gangan,
tó wá ń bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ló ṣe é?”

Ọjọ́bọ̀ ni Alàgbà Ọ̀jẹ́lẹ́yẹ gbé Mẹ̀sídíìsì wọn wá.
Ọyẹ́ ti mú. Ìbàdàn ti kun lẹ́búlẹ́bú.
Láníhún, àkọ́bí wọn, ló wà á.
Baba ní, “Láti ọjọ́ tí mo ti rà á,
kò fara kan ohunkóhun rí.”
Mo ní, “Ẹ kú ìtọ́jú, sà.”

Garawa méjì: ọ̀kan ọṣẹ, ọ̀kan omi tó mọ́.
Mo fi omi lé eruku lọ kí n tó fọwọ́ kàn án.
Ẹni tó nu ọkọ̀ dúdú ní gbígbẹ,
ọmọ tuntun ló ń fá lórí láìfi omi sí i.
Mo fi amọ̀ rírọ̀ ra á lára
títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́ mi bí ilá.
Mo wá mú ẹ̀rọ kékeré tí í wọn ọ̀dà.
Bọ́nẹ́ẹ̀tì: ọgọ́rùn-ún.
Òrùlé: ọgọ́rùn-ún ó lé díẹ̀.
Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lápá òsì:
ẹgbẹ̀ta.

Ẹgbẹ̀ta! Pọ́tì ni.
Ẹnìkan ti lù ú nà, ẹnìkan ti kùn ún níkàánjú.
Mo gbójú sókè. Láníhún ń wò mí.
Ewú ti wà nírùngbọ̀n rẹ̀,
ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wò mí, ojú ọmọ tó fọ́ àwo ni.

Mo fi ẹ̀rọ sápò.
Mo tan èyí tí í dán ọ̀dà, mo ń rọra tẹ̀ ẹ́.
Àwọn èèyàn rò pé dídán la ń fi kún ọkọ̀.
Irọ́ ni. Yíyọ la ń yọ,
à ń bó awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ títí ara yóò fi bá ọgbẹ́ dọ́gba,
awọ náà kò sì pọ̀.
Mo máa ń sọ ọ́ fún wọn. Wọn kì í gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Baba yí i po.
Wọ́n rí wáyà iná nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n rí fìlà wọn,
wọ́n tún un dé.
Nígbà tí wọ́n dé ibi ilẹ̀kùn náà, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ lé e,
wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀:
“Èèló ni ẹ̀rọ rẹ kà níbí?”

Mo dákẹ́.

“Mo gbọ́ ọ lóru ọjọ́ tó gbé e wọlé. Kò tan iná.
Ọdún mọ́kàndínlógún. Mo ń pariwo káàkiri
pé kò fara kan ohunkóhun rí,
bóyá lọ́jọ́ kan yóò sọ pé irọ́ ni mo ń pa.”

Wọ́n san owó mi pé.
Láníhún ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ilẹ̀kùn yẹn gan-an,
Baba sì wọlé láìwò ó.
Eruku ń bọ̀ láti ìhà Mọ́níyà;
kí wọ́n tó dé Òkè-Àdó,
yóò ti tó ohun tí ọmọdé lè fìka kọ orúkọ sí.

Mo yíjú sí ọmọ iṣẹ́ mi.
“Fóòmù tó bọ́ sílẹ̀ yẹn,
má mú un mọ́.”