Omi Abẹ́ Yìnyín

Agogo mẹ́ta òru ní Saskatoon.
Ìrì dídì ti ya ewé funfun sára gíláàsì,
ewé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn.
Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé àwọn arúgbó
pẹ̀lú tíì tó ti tutù,
mo ń ka gbèsè tí mo jẹ ní báńkì,
mo ń ka ọdún tí èmi àti Adégòkè kò ti bára sọ̀rọ̀.
Méje.
Nítorí ilé Bàbá. Nítorí yàrá mẹ́rin àti kànga kan ní Ìkìrun,
àti ọ̀rọ̀ kan tó sọ sí mi létí ibojì,
tí mo gbé kọjá òkun bí òkúta nínú báàgì,
tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù kò rí gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ má rò pé n kò wá àlàáfíà.
Mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún lórí iṣẹ́ òru.
Nínú ṣọ́ọ̀bù tí a háyà ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìfọṣọ,
mo pariwo títí ohùn mi fi há.
Mo ní kí Ọlọ́run dá Adégòkè lẹ́jọ́.
Mo ní kò kánjú o,
kí Ó má ṣáà gbàgbé.
Bí mo bá délé tí mo dùbúlẹ̀,
oorun a dúró síta bí àlejò tí kò mọ nọ́ńbà ilé.

Òru ọjọ́ tí mò ń wí yìí, aago yàrá kẹsàn-án dún.
Màmá Halina ni, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rùn-ún,
tí iyè rẹ̀ ti ń padà sí oko àlìkámà bàbá rẹ̀.
Ó ní ẹsẹ̀ òun dọ̀tí, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ toko dé ni.
Ẹsẹ̀ náà mọ́. Àná ni mo wẹ̀ ẹ́.
Ǹ bá ṣàlàyé fún un; àárẹ̀ ni kò jẹ́.
Mo bu omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bàsíà, mo kúnlẹ̀,
orúnkún mi dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́.

Mo fọ ẹrẹ̀ tí kò sí.
Mo fọ ọ́ láàárín ọmọ ìka,
mo fọ ọ́ ní gìgísẹ̀ tó là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀.
Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń sọ èdè ìyá rẹ̀,
n kò gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀
àfi orúkọ Jésù, tó tàn lẹ́ẹ̀kan bí abẹ́rẹ́ nínú koríko.

Ìgbà náà ni mo rántí
pé Ẹni tó sán aṣọ ìnura mọ́ ìdí lálẹ́ ọjọ́ kan
wẹ ẹsẹ̀ ẹni tó máa tà Á pẹ̀lú.
Kò fo tirẹ̀ kọjá.
Omi kan náà. Bàsíà kan náà.

Mo wá rí ẹsẹ̀ Adégòkè,
àpá ìgò lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ òsì,
ọjọ́ tí àwa méjèèjì sọdá odò láti ilé-ìwé,
tí mo fa etí yẹrì mi ya, tí mo fi dì í.
Ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó ní kí n má sọ fún Màámi.
N kò sọ.

Ara mi kò gbọ̀n. N kò ṣubú lulẹ̀.
Nǹkan kan kàn jókòó nínú mi
bí ẹni tó ti wà lórí ìdúró tipẹ́tipẹ́, tó wá rí àga.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gba orí afárá lọ wọ bọ́ọ̀sì.
Odò ti dì gbagidi, ẹ ó ní ó ti kú.
Ṣùgbọ́n lápá ilé iṣẹ́ mànàmáná, omi là sílẹ̀,
ó ń rú èéfín, pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀
bí ẹni pé kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ òtútù fún wọn.
Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo tẹ nọ́ńbà Adégòkè.
Kò gbé e.
Mo fi ohùn sílẹ̀: “Gòkè, ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́?”

Títí di òní kò tíì pè padà.
Òjò ṣì ń pa ilé Bàbá.
Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò tíì bọ́ bàtà tán
tí oorun fi wọlé,
kò kan ilẹ̀kùn.