Ìbéèrè Kẹtàdínlógún

Winnipeg, oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́. Itọ́ ń dì kó tó kanlẹ̀.
Yàrá kẹrin, ilé ìwòsàn yunifásítì.
Mo gbé ìwé ìbéèrè lé itan,
mo ń bi Màmá Dúrójayé, ará Ìkìrun,
ní ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n máa bi gbogbo ènìyàn:
Ṣé ẹ máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kì í gbọ́?

Màmá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀.
Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ìdájí ló máa ń pè mí.
Ó ní kí n má sùn jù, omi ọmọ ti ń hó lórí iná."
Ó rẹ́rìn-ín. Eyín iwájú kan ti yẹ̀.
Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló wá wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀;
ọmọ ti ń lọ iléèwé, èdè òyìnbó ló fi ń dá a lóhùn.
Ẹ̀gbọ́n tó ń pè é ti wà nínú ilẹ̀ láti èṣí.
Ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kó lọ sin ín.

Àpótí kékeré kan wà lápá ọ̀tún ìwé náà: BẸ́Ẹ̀ NI.
Bí mo bá máàkì rẹ̀, oògùn ló kàn,
oògùn tó ń mú ahọ́n wúwo, tó ń gbọn ọwọ́ bí ewé.
Mi ò tíì máàkì rẹ̀.

Kò sí ìbéèrè kankan fún "orí mi ń gbóná,"
kò sí fún àyà tó ń já láìsí ohun tó lé e,
tàbí fún nǹkan tó ń rìn bí ìjàlọ lábẹ́ awọ orí.
Wọ́n ní kó fi oókan dé ẹẹ́wàá wọn ìbànújẹ́ rẹ̀.
Ó wò mí títí.
"Mẹ́wàá kí ni? Igbá àbí kóńgò?"

Àwòrán mi wà lára ògiri ní àbáwọlé,
ó ga ju ilẹ̀kùn lọ. Mo ń rẹ́rìn-ín.
Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé: GBOGBO WA LA WÀ NÍBÍ.
Ọdún méjì ló ti wà níbẹ̀,
wọn ò tíì pe ẹni tó ni ojú náà sí ìpàdé.
Mofiyìnfólúwa ni bàbá mi sọ mí.
Wọ́n gé e kù sí Mo.
Mo kí ni? Mo lọ? Mo jẹ? Mo kú?
Gbólóhùn tó lórí tí kò nídìí.

Marlene Okemow, nọ́ọ̀sì wa, ọmọ Cree láti apá àríwá,
ka ìwé náà tán, ó dà á délẹ̀.
"Ìyá ìyá mi máa ń bá òkú sọ̀rọ̀ létí adágún.
Wọ́n wá gbé e lọ. Wọn ò bi í ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀."
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀. Ó ń tú àpò rẹ̀
bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n pè mí sí ìpàdé wàyí.
Ọ̀jọ̀gbọ́n Sigurdson ní kí n sáré túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá,
owó tó wà fún un ò ní kọjá ìparí oṣù.
Mo ní, làpálàpá lẹ ní kí n pa, sà; ẹ̀tẹ̀ ńkọ́?
Ẹ jẹ́ ká kọ ìbéèrè tuntun.
Kí Marlene jókòó síbí, kí Màmá jókòó síbí,
kí ẹ sì sanwó fún wọn bí ẹ ṣe ń sanwó fún ọ̀mọ̀wé.
Ẹnì kan wúkọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àjà.
Ó ní òun á rò ó. Ó ṣì ń rò ó.

Mo padà sí yàrá kẹrin.
Mi ò fọwọ́ kan àpótí náà; etí ìwé ni mo kọ ọ́ sí:
Ta ló ń pè yín, Màmá? Kí ló ń wí?
Ó sọ ọ́. Ó pẹ́ kó tó sọ ọ́ tán, oúnjẹ ọ̀sán mi ti tutù.
Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni mo kọ ọ̀rọ̀ méjì sí: Mo gbọ́.

Ìdájí ọjọ́ kejì, yìnyín ti bo fèrèsé mi.
Mo jí kí aago tó dún.
Mi ò mọ ẹni tó pè mí.