Ikọ́ Méjì

Oṣù kọkànlá ní Kírétè. Ẹ̀rọ tí ń fún ólífì ń hó bí odò,
àpò èso tò títí dé ẹnu ọ̀nà.
Bàbá àgbà mi, Manousos, na ṣíbí sábẹ́ ọ̀pá;
epo dà sí i, àwọ̀ ewé ló ní, kì í ṣe ti wúrà.
"Argyro, lanu."
Mo lanu.
Ó kọ́kọ́ ń yọ̀ bọ̀rọ́ lórí ahọ́n,
ìkorò tẹ̀ lé e,
ìgbà tí mo rò pé ó ti tán
ló tó ta mí lọ́fun bí ata wẹẹrẹ.
Mo wúkọ́. Mo tún wúkọ́.
Ó rẹ́rìn-ín: "Ikọ́ méjì. Ojúlówó ni.
Èyí tí kò bá múni wúkọ́, ẹ fi pa ìdè ilẹ̀kùn."

Ní ilé àyẹ̀wò tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nílùú etí òkun,
a ní orúkọ gígùn fún ohun tí ń tani lọ́fun yìí.
A ń kán an sórí sẹ́ẹ̀lì tí ara rẹ̀ ń gbóná,
a ń ṣọ́ ọ mọ́jú.
Ó jọ pé iná inú rẹ̀ ń rọlẹ̀.
Ó jọ pé: ẹnu wa kò tíì gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Igi kò kúkú ro tiwa nígbà tó ń ṣe é.
Kòkòrò ló ń bá jà,
oòrùn ló ń bá wọ̀yá ìjà lórí àpáta;
ìkorò yìí ni ọ̀kọ̀ rẹ̀,
àwa kàn yá a lò ni.

Bàbá ní àbúrò kan, Stylianos,
tó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Ọsirélíà lọ́mọ ogún ọdún.
Ó pa ẹ̀fọ́ orí òkè tì, ó pa ẹ̀wà tì,
agolo ló ń ṣí jẹ, ó ń mu ṣúgà bí ẹní mu omi.
Àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ kan, ó tún padà wá gba ìkejì.
"Ṣé torí pé kò rí epo wa jẹ ni?"
Bàbá pẹ́ kó tó dáhùn.
"Mi ò lè búra. Òun nìkan ló ń gbé.
Kò sẹ́ni tó ń bá a jókòó jẹun."

Ìyẹn ò sí nínú ìgò kankan tí a ní.

A délé. Ó wá inú àpò ẹ̀wù,
ó yọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ fún un
(mo ti rò pé ó ti dà á fún ewúrẹ́),
ó gbé e sórí ahọ́n,
ó fi ṣíbí epo kan gbé e mì,
ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan,
ó gbé ìka sókè,
ó ń retí ìkejì.